Àga lẹ́dà tàbí àga pankẹ́rẹ́? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ohun èlò sí pálọ̀ ìkàwé ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin kó lọ sí ilé rẹ̀ tuntun ní Parákìn, àga ẹlẹ́ni méje ló kọ́kọ́ rà. Àga náà gba pálọ̀ tán. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i kú ilé tuntun, inú yàrá ni mo ti bá a, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ìwé lé orúnkún. Mo ní, "Pálọ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ibi kàwé sí níbẹ̀. Iná yẹn ń gún mi lójú, àga yẹn sì ń mú mi làágùn."

Pálọ̀ tí a bá torí àlejò rà, àlejò ló ni ín. Ẹni tó bá ń fẹ́ ibi tí ara yóò ti tù ú, tí yóò ti lè ṣí ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nǹkan mẹ́ta ni kó kọ́kọ́ náwó lé: ìjókòó kan tó dára, iná kan tó dára, àti ibi tí ìwé yóò máa gbé. Gbogbo ìyókù lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá sì fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú ohun méjì, mo máa ń béèrè bóyá ara máa gbà á nínú ooru, bóyá ojú máa gbà á lálẹ́, àti pé bó bá bàjẹ́, ṣé n óò rí ẹni tún un ṣe nínú Ìfẹ̀ níbí. Mi ò ní kọ iye owó, torí iye tí wọ́n pè é lọ́jọ́ Ajé lè yí padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó wọ́n ju èkejì lọ nìkan ni màá máa sọ.

Àga: lẹ́dà, aláṣọ, pankẹ́rẹ́

Púpọ̀ nínú lẹ́dà tí wọ́n ń tà kiri kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú. Ó ní iyì tirẹ̀: ọmọ da ọbẹ̀ sí i, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ó parí. Bí ọmọ kéékèèké bá pọ̀ nílé yín, mi ò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ òógùn, epo ara, ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló ń pa á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí tí èmi rà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo, níbi tí orí ń gbé àti níbi tí apá ń sinmi. Mo wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn mi kún fún ègé dúdú wẹ́wẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó ní bí lẹ́dà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ mi ló yẹ kó sọ ọ́. Kò sí àtúnṣe fún un: àfi kí wọ́n bó o kanlẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan mìíràn wọ̀ ọ́.

Àga aláṣọ gba ara ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ ń ráyè kọjá. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Àrán rẹwà, ó sì máa ń jẹ́ kí yàrá rí tútù lójú, ṣùgbọ́n ó gbóná lára, bí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Ọ̀pẹ, gbogbo eruku òpópónà ló ń wá sùn sínú rẹ̀. Aṣọ òwú tó nípọn ni kí ẹ mú. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń rán an pé kó fi síìpù sí i, kí ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀. Owó síìpù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàhálà tó ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Pankẹ́rẹ́, ọwọ́ tíṣà ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Igi inú igbó yẹn kan náà ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń hun di àga, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún ìkàwé. Ó fúyẹ́: ẹ lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ẹ gbé e bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Bí okùn ìdè rẹ̀ bá tú, ẹni tó ń hun àga á tún un dì láàárín wákàtí kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń ké wín-ín-wín-ín bó bá ti gbó, kò fẹ́ òjò, kòkòrò sì lè wọ inú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbá a nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí sìmẹ́ńtì tó mọ́. Bí ìyẹ̀fun funfun bá jábọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ẹ ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga dé orí, kí ẹ sì fi tìmùtìmù sí ìjókòó rẹ̀. Àga pankẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀ sábà máa ń dínwó ju àga lẹ́dà ńlá lọ.

Bí ó bá jẹ́ àga onífóòmù lẹ ṣì fẹ́, ẹ dojú rẹ̀ dé nínú ìsọ̀. Kí ojú má tì yín. Ẹ wo igi abẹ́ rẹ̀: ṣé ó gbẹ, àbí ó ṣì ń run omi igi? Ṣé wọ́n kan igi onígun mẹ́ta sí kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbí ìṣó méjì péré ló so ó? Ṣé rọ́bà tó gbé ìjókòó dúró le, àbí ó ti rọ̀ sílẹ̀? Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè fóòmù. Wíwúwo fóòmù ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, kì í ṣe líle rẹ̀. Fóòmù lè le lónìí kó sì jìn kòtò lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó wọn kìlógíráàmù 28 sí 35 ní mítà kan gígùn, mítà kan ìbú, mítà kan gíga ló yẹ fún ìjókòó ojoojúmọ́. Èyí tí kò tó 20, ẹ̀yìn àga ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ìdí.

Ẹ mú ìwé dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ jókòó, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìjókòó tó ga tó íńṣì 16 sí 18 ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń balẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀. Bó bá jìn jù, ẹ̀yìn yín ò ní kan ibi ìfẹ̀yìntì, ọrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín kí ẹ tó ka ojú ìwé karùn-ún.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Igi rẹ̀ sábà máa ń dára, ṣùgbọ́n ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rírán rẹ̀. Àmì dúdú tín-tìn-tín tó tò léra wọn níbẹ̀, ìdun ni.

Iná: funfun tàbí aláwọ̀ ẹyin

Ibí ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ wo ara páálí gílóòbù kí ẹ tó rà á, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ ni 6500K, tí wọ́n ń kọ daylight sí lára: funfun tó fẹ́ ṣe búlúù. Ó dára ní ìsọ̀ télọ̀, ó dára ní ilé ìdáná. Ní pálọ̀ lálẹ́, ó máa ń jẹ́ kí ojú gbogbo ènìyàn rí bí ojú aláìsàn, ìmọ́lẹ̀ tó ní búlúù púpọ̀ sì máa ń dá oorun dúró nínú ara. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, warm white, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti àtùpà, ó pọ́n díẹ̀ bí pupa ẹyin. Òun ni kí ẹ wá. Bí wọn ò bá ní i ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní Lágéré, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì. Owó kan náà ni wọ́n máa ń tà wọ́n.

Gílóòbù LED wáàtì 9 máa ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60. Ẹni tó bá ń lo ìńfátà ló mọ ìtumọ̀ èyí: láti aago méje sí aago méjìlá òru, ọ̀kan jẹ wáàtì-wákàtí 45, èkejì jẹ 300. Láǹpù tí a ń gbá iná sí wúlò nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, iná funfun gan-an ló wà lára wọn, bátìrì wọn sì máa ń kú bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìgbá iná sí fún oṣù méjì, mẹ́ta.

Ibi tí iná wà náà ṣe pàtàkì. Iná orí àjà ń bọ̀ láti òkè orí yín, òjìji orí yín ló ń bọ́ sójú ìwé. Láǹpù kan lórí tábìlì tàbí lórí òpó, tó dúró lẹ́yìn èjìká òsì ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, sàn ju gílóòbù mẹ́rin lókè lọ. Ẹ lè sọ fún káfíńtà kó gbẹ́ òpó rẹ̀, kí oníná sì so wáyà sí i.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ lọ wo ilé ẹ̀kọ́ Humanities nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tó ya ọgbà náà, jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé òkè ló ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, òòrùn ò wọlé. Ohun tí a ń wá nílé náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ àga, kó má ṣe wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ́tìnì: àdìrẹ tàbí pólísítà

Pólísítà dínwó, ó máa ń tètè gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá. Àdìrẹ òwú wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, aró dúdú rẹ̀ sì máa ń mú ọkàn rọlẹ̀ lọ́nà tí òdòdó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò lè ṣe. Kí wọ́n má bàa ta ayédèrú fún yín, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta: ti ẹ̀rọ sábà máa ń funfun lẹ́yìn, ti aláró máa ń dúdú dé ẹ̀yìn. Ẹ máa dá a fọ̀ ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ torí ó máa ṣàn, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Bí fèrèsé yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, òòrùn ìrọ̀lẹ́ á pa àwọ̀ rẹ̀ ní kíákíá. Ẹ fi pólísítà sí ìyẹn, kí àdìrẹ wà níbi tí ẹ ti ń kàwé.

Pẹpẹ ìwé: pákó, MDF, irin

Pẹpẹ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, máa ń dán, wọ́n ti kùn ún tán, ọjọ́ kan náà lẹ máa gbé e délé. Omi ni ikú rẹ̀. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ilé rẹ̀ láràárọ̀, ẹsẹ̀ pẹpẹ rẹ̀ á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì ní padà mọ́. Ìwé sì wúwo: láàárín ọdún kan àárín rẹ̀ á ti tẹ̀.

Pákó ni mo fara mọ́, káfíńtà kò sì wọ́n ní Ìfẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ìrókò àti tíìkì, ikán kì í fẹ́ràn wọn. Ọ̀gànwó náà dára. Àfàrà àti arère dínwó, wọ́n sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi oògùn ikán pa wọ́n lára kí wọ́n tó kùn wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igi tútù ṣe é, torí yóò lọ́ nígbà ọyẹ́. Sísanra pákó lẹ máa sanwó fún: bí ó bá nípọn ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Íńṣì kan dára. Kí ìpele kan má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ láìsí òpó láàárín, kí ìjìn rẹ̀ sì wà láàárín íńṣì 10 sí 12. Ní àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ lọ́nà Ìrẹ̀mọ àti Ìlódè, ògiri máa ń mu omi lásìkò òjò. Ẹ fi íńṣì méjì sílẹ̀ láàárín pẹpẹ àti ògiri, kí ìwé má bàa bu.

Pẹpẹ irin: ikán ò lè jẹ ẹ́, owó rẹ̀ sì wà láàárín. Kí wọ́n kùn ún dáadáa nítorí ìpẹtà.

Ilẹ̀ àti ògiri

Ní Ìfẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń to àpáàdì sílẹ̀ ní ìdúró bí iṣẹ́ ọnà. Ìtàn ní ìgbà Ọọ̀ni Lúwo, ọba obìnrin, ni. Nítorí náà mi ò rí ìdí tí a ó fi máa bo ilẹ̀ dáadáa mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí táìlì ṣí sílẹ̀, kó máa tutù lẹ́sẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ẹní kan síwájú àga. Rọ́ọ̀gì máa ń gba ariwo mọ́ra, ìyẹn dára bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní àsímà nílé, ẹ fi í sílẹ̀. Ògiri: ọ̀dà tí kì í dán, àwọ̀ amọ̀ tàbí ti wàrà. Èyí tó ń dán máa ń dá iná padà sójú.

Bí owó oṣù yìí ò bá ju ohun kan lọ, gílóòbù ni kí ẹ rà.

Àbúrò mi ti ta ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́ta nínú àga rẹ̀. Owó náà ra àga pankẹ́rẹ́ kan àti láǹpù, ó sì ku díẹ̀ tó fi san àsansílẹ̀ fún káfíńtà. Pákó ìrókò náà ò tíì gbẹ tán, nítorí náà inú àpò Ghana-must-go ni àwọn ìwé rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.