Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin aláró! Wọ́n ń ta hydros tó ti bàjẹ́ ní Ìtòkú

Aṣọ ẹbí oníbàárà ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọgọ́rùn-ún yáàdì gbáko! Ọkùnrin kan tó ń ta èlò aró ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ló bu hydros, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń mú aró jinná, fún mi látinú garawa tó ti ṣí sílẹ̀, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Mo rí i pé ó ti ń dì mọ́ra. Mo bi í. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, atẹ́gùn lásán ló fẹ́ sí i." Irọ́ gbuu!

Ẹ̀yin náà mọ aró tó bá jinná: omi rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ìfófòó tó ń dán á gorí ẹ̀, aṣọ náà á jáde ní àwọ̀ ewé kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di búlúù. Tèmi dúró ní búlúù látàárọ̀ dalẹ́. Kọ́sítíìkì, sódà tó ń jóni lára tá a máa ń pò mọ́ aró, tó tà mọ́ ọn ńkọ́? Mo dà á sómi, omi ò tiẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kọ́sítíìkì gidi kẹ̀! Ike á gbóná débi pé ẹ ò ní lè dì í mú. Iyọ̀ ló lú mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe iyọ̀. Bí mo ṣe ṣan aṣọ, gbogbo aró bómi lọ. Gbogbo ẹ̀!

Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó ṣe dì mọ́ra yẹn, ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ fún un, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jalè nínú àwa méjèèjì?

Hydros tó kù, ọ̀rinrin kàn án ní kọ̀rọ̀ ilé, ló bá ń gbóná fúnra ẹ̀. Náílọ́ọ̀nù yọ́, èéfín òórùn imí-ọjọ́ bo ilé, ọmọ iṣẹ́ mi wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó lè gbiná o! Ọkùnrin yẹn sì mọ̀.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ò tíì ṣí, tí orúkọ àti déètì wà lára ẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kọ́sítíìkì lẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé e. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tó ń jáde sì ń gbiná. Bó bá ta síni lójú, omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó sáré lọ ọsibítù.

Èmi ò gba ẹnì kankan nínú wọn gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá ti fojú winá irú ẹ̀ kó kọ ọ́ síbí, ká jọ lọ bá àwọn àgbà ọjà.