Akẹ́rù ológun Amẹ́ríkà àti ìbọn ara ẹni: wọ́n mọ ẹrù gbé, wọn ò mọ òfin

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe ṣọ́jà l'Amẹ́ríkà, tí ọ́dà PCS (àṣẹ ìṣípò lọ sí ibùdó ológun tuntun) bá ti jáde pé kí ẹ kúrò ní Fort Hood ní Texas lọ sí Schofield Barracks ní Hawaii, ìjọba á rán akẹ́rù wá kó ilé yín. Ìbọn ara yín lè bá ẹrù náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún la fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n mọ ẹrù gbé, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá ibi tí ẹ ń lọ gba irú ìbọn yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá di ẹrù, ẹ má ti ìbọn mọ́ inú séèfù. Ẹni tó ń di ẹrù gbọ́dọ̀ rí i, kó kọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, irú rẹ̀, ìwọ̀n ọta rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lára sínú ìwé ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́: á kọ "ìbọn kan" lásán, á lẹ páálí pa. Tàbí kó kọ lẹ́tà O níbi tó yẹ kó kọ òdo, tí nọ́ńbà ò wá ní bá ti ara ìbọn mu mọ́. Ẹ ka nọ́ńbà náà sí i létí, kí ẹ ya fọ́tò ìbọn pẹ̀lú ojú ìwé náà kó tó fi téèpù dí i. Ẹ má buwọ́ lùwé tí kò ní nọ́ńbà.

Ọta ò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù yìí, ì báà ṣe ẹyọ kan péré. Ẹ̀tù náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ tú àpò ìbọn àti magazine (ilé ọta) wò dáadáa, ibẹ̀ ni ọta tí èèyàn ti gbàgbé máa ń wà.

Tí ẹrù bá dé, ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó sọ àga kankan kalẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi tó ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹrù àti ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ 180 lẹ ní láti kéde ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù, oṣù 9 sì ni láti béèrè owó rẹ̀ ní kíkún.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òfin. Hawaii ò gba magazine ìbọn ìléwọ́ tó gbà ju ọta 10 lọ. Kò gba silencer (ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù), kò sì gba ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ ò tó íńṣì 16, kódà tí ìwé ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, bá wà lọ́wọ́ yín. Ìbọn tó bá gbà, ẹ ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín ọjọ́ 5. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka, wọ́n á ya fọ́tò yín. Èyí tó bá dé kẹ́yìn nínú ẹ̀yin àti ìbọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, nítorí náà ẹni tó fún akẹ́rù ní tirẹ̀ ráyè mí. Ẹni tó bá a wọ bàálù ò ráyè yẹn: àpótí líle títì pa, ìbọn láìsí ọta nínú, kó sọ fún wọn ní kántà, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun nìkan. Ẹ má gbàgbé pé bárékè náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú yàrá bárékè ò lè tọ́jú ìbọn síbẹ̀. Arms room, yàrá tí àwọn ológun ń kó ìbọn sí, ni ti ẹ̀.

Àwọn tó ń lọ sí Fort Drum ní New York máa ń fẹ́ fi mọ́tò ara wọn gbé e. Òfin àpapọ̀ ti 1986, ìyẹn abala 926A, gbà kéèyàn gbé ìbọn la ìpínlẹ̀ kọjá, tí ọta ò bá sí nínú rẹ̀, tí òun àti ọta sì wà ní búùtù. Mọ́tò tí kò ní búùtù, inú àpótí títì ni, kì í ṣe inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kà dé ìdí ni pé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn náà níbi tó ti ń bọ̀ àti níbi tó ń lọ nìkan ni òfin yìí ń dáàbò bò. New York ò gba ìbọn ìléwọ́ láìsí láísẹ́ǹsì tiwọn, ti Texas ò sì já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ní in, 926A ò bò ó ní New Jersey tó gbà kọjá pàápàá. Kó fi ìbọn náà sílẹ̀ ní Texas.

Tó bá jẹ́ pé ibi tuntun lẹ ti fẹ́ ra òmíràn, òfin àpapọ̀ ka ìpínlẹ̀ tí wọ́n pín yín sí sí ibùgbé yín: káàdì ológun àti ìwé ọ́dà lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní green card á fi nọ́ńbà A rẹ̀ (nọ́ńbà àjèjì tí ìjọba fún un) sí fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń ra ìbọn máa ń kọ.

Ọ́fíìsì Legal Assistance, àwọn lọ́yà ológun tó ń gba ṣọ́jà nímọ̀ràn, la fún ní ìràwọ̀ tó pé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú ọ́dà lọ, pẹ̀lú ìwé tó to ìbọn kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, gígùn ọ̀pá rẹ̀, iye ọta tí magazine rẹ̀ gbà. Lọ́yà tó wà níbi tí ẹ ti ń kúrò mọ òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ jù, nítorí náà ọ́fíìsì ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ pè, kí àwọn akẹ́rù tó dé. Tí iléeṣẹ́ ológun bá ti fẹ̀sùn kàn yín ná, Trial Defense Service, àwọn lọ́yà ológun tó ń gbèjà ṣọ́jà, lẹ máa lọ bá.