Báàsì ínṣì 32 tí mo rà ní Òṣogbo, àti okùn E tí wọ́n gé lójú mi

Ó gé okùn náà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Báàsì ni jìtá tó ń ta ohùn ìsàlẹ̀; 32 ni gígùn ibi tí okùn rẹ̀ ti ń ró, E sì ni okùn tó nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan ni, ní apá Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà yọ okùn E tuntun nínú pálí, ó fi wọ bíríìjì tó ń di ìdí okùn mú, ó nà án kọjá nut, ìyẹn èyí tó gbé okùn níbi tí ọrùn ti pàdé orí jìtá, ó mú púláyà, ó sì gé e níbi tó ti nà gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà ló wá ń wá ihò kíì tí wọ́n fi ń lọ́ okùn, tí yóò kì í bọ̀. Mo ti pariwo pé kó dúró. Kò dúró.

Okùn báàsì kì í ṣe wáyà iná. Irin kan wà láàárín rẹ̀, òmíràn sì wé mọ́ ọn yí po. Bí ẹ bá gé e nígbà tó ṣì nà tàntàn, èyí tó wé mọ́ ọn yẹn lè tú lára irin àárín láti ẹnu ibi tí ẹ gé. Ojú lè má rí i, etí ló máa gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, kí ìtẹ̀ yẹn dì í mú, kí ẹ tó gé ohun tó kọjá ìgbọ̀nwọ́ náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn." Èsì tó fún mi nìyẹn. A so okùn ọ̀hún, a lọ́ ọ dé ohùn E, ó ń ró gbùù bí ẹni ń lu páálí. Ohùn rẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì 12 (frẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá) kò bá ti harmonic ibẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń jáde bí ìka bá kàn fara kan okùn láìtẹ̀ ẹ́, dọ́gba, ibi yòówù kí wọ́n fa saddle, irin kékeré tó gbé okùn lórí bíríìjì, sí.

Ohun tó wá sọ ọ́ di ìjà ni pé òun nìkan ni okùn E ti ínṣì 32 tó kù nílẹ̀. Ẹni tó ń ta ínṣì 34 lè má mọ ìrora yìí. Okùn tí wọ́n ṣe fún 34 gùn jù fún wa. Lórí jìtá tí kíì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú kan, ti E ló sún mọ́ nut jù, nítorí náà ibi tó nípọn lára okùn lè dé kíì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín. Okùn tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ká, ó sì lè ṣẹ́ níbẹ̀. G, D àti A sábà máa ń gbà, torí wọ́n tínrín jù ú lọ. Kí ẹ tó rà, ẹ wọn báàsì yín láti ibi tí bọ́ọ̀lù ìdí okùn jókòó sí dé nut. Ibi tí okùn ti ń tínrín, tàbí tí òwú aláwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín nut àti kíì.

Kí n tó gba ti báàsì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀sùn kejì kún un. Báàsì tí ọmọkùnrin yìí kọ́kọ́ gbé jáde kì í ṣe 32 rárá. "Ara ẹ̀ kéré, báàsì kékeré ni." Ara tó kéré kò kan gígùn okùn. Téèpù télọ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n láti nut dé frẹ́ẹ̀tì 12: ínṣì 17. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 34. Èyí tí mo padà rà fún mi ní 16 géérégé. Ẹ má wọn dé bíríìjì, torí saddle E sábà máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀, iye tẹ́ ẹ máa rí á tàn yín jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì á mọ ìdí tí mo fi ń wá 32. Orin tí fèrè bá wà nínú rẹ̀, F àti B-flat ló pọ̀ jù. Frẹ́ẹ̀tì kìíní ni méjèèjì ń gbé, lórí E àti lórí A, ibẹ̀ gan-an ni frẹ́ẹ̀tì ti jìnnà síra jù lọ. Lórí 34, láti frẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkẹrin jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 130. Lórí 32, 122 ni. Mílímítà mẹ́jọ yẹn ló ń gba ọrùn ọwọ́ là nígbà tí ìyìn bá ti wọ wákàtí kejì. Ti 30 tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi báàsì Mustang tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1966, àmọ́ E rẹ̀ máa ń rọ̀ jù lábẹ́ ọwọ́ mi.

32 náà ń rọ̀ o. Okùn kan náà, ohùn kan náà, agbára tó fi ń fà dín ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 sí ti 34. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le á gbọ́ tí E ń lu frẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi okùn 50 sí 110 sí i dípò 45 sí 105; bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni okùn ṣe nípọn sí.

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde sí wa láti ẹ̀yìn. Ó fi àtàǹpàkò ta okùn òkú náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kò sírú ẹ̀ mọ́ nílẹ̀, Èkó la ti máa mú un wá. Owó okùn ti bọ́ lọ́rùn yín." Ọjọ́ mẹ́fà ló gbà. Ọjọ́ mẹ́fà tí báàsì fi wà nílẹ̀ láìwúlò, mi ò lè dárí ìyẹn jì wọ́n kíákíá.

Àmọ́ ọjọ́ keje, bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó fi nǹkan bí ínṣì mẹ́rin kún okùn kọjá kíì, ó tẹ̀ ẹ́, ó gé e, ó yí i sísàlẹ̀ títí ó fi jókòó. Ó tẹ E ní frẹ́ẹ̀tì kìíní àti èyí tó kẹ́yìn, ó gé etí káàdì ìpè ìnáwó kan, ó kì í bọ abẹ́ okùn ní frẹ́ẹ̀tì keje. Káàdì ń jó nínú àyè náà, ìyẹn ni pé ọrùn ti tẹ̀ jù. Ó fi álẹ́nì kíì yí irin inú ọrùn sápá ọ̀tún, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, ó dúró, ó tún wò. Ẹni tó bá fi agbára yí i lẹ́ẹ̀kan náà lè já irin ọ̀hún. Gíga okùn ní frẹ́ẹ̀tì 12: mílímítà méjì àbọ̀ fún E, méjì fún G. Ohùn frẹ́ẹ̀tì 12 ga ju harmonic lọ, ó fa saddle sẹ́yìn títí wọ́n fi bára mu.

Ní gbogbo àkókò yìí, ó ti na okùn òkú yẹn sí ọmọkùnrin rẹ̀. Kò bá a wí lójú mi. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó gé e sí ègé mẹ́fà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gé e nígbà kọ̀ọ̀kan.

Báàsì náà wá ń sọ̀rọ̀. F rẹ̀ kún, ó mọ́, ìka kékeré dé ìkẹrin láìnà. Àléébù rẹ̀: orí rẹ̀ wúwo, á máa fà sílẹ̀ bí ẹ bá tú ọwọ́ òsì, bẹ́líìtì awọ tó fẹ̀ ló gbà á. Bátìrì fóltì 9 ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ fa wáyà yọ bí ẹ bá ta á tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì á máa tán lọ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ olókùn márùn-ún, kó dúró sórí 34. B ìsàlẹ̀, okùn karùn-ún yẹn, kò ní le tó lórí èyí.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún, báàsì àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Ẹ mú téèpù dání, kí ẹ sì ra okùn E méjì.