GEOS 2.0 ti Commodore 64: ohun tó lè ṣe, àti ibi tó ti ń dáni dúró

Ìrántí Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kò ju 64KB lọ, CPU rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 1MHz. Inú bín-ín-tín yẹn ni Berkeley Softworks ní Amẹ́ríkà ki GEOS, ètò tó ń jẹ́ kí a fi àwòrán darí kọ̀ǹpútà, bọ̀ lọ́dún 1986, pẹ̀lú máòsì, mẹ́nù, àwòrán fáìlì àti apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni lójú tèmi. VICE, ètò tó ń ṣe bíi Commodore lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ni mo fi ṣí 2.0 lórí laptop tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Lagere n'Ílé-Ifẹ̀, kò sì wúwo fún un rárá.

Kí ẹni tó ń lo Ubuntu kíyè sí èyí: VICE tí apt ń gbé wá kì í ní ROM Commodore (ètò inú ẹ̀rọ náà gan-an) nínú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ, x64sc, ètò C64 inú VICE, kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ gba VICE lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an, ẹ kó àwọn fáìlì ROM kernal, basic àti chargen láti inú rẹ̀ sínú fódà C64, kí ẹ fi ROM dráífù, dos1541, sínú fódà DRIVES.

Ẹ ṣe ẹ̀dà d64 yín, ìyẹn fáìlì tó dúró fún díìsìkì, kí ẹ tó ṣí i. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí geoWrite, ètò ìkọ̀wé GEOS, á fi nọ́ńbà díìsìkì GEOS yín sàmì sí ara rẹ̀, kò sì ní gbà fún òmíràn mọ́. Ẹ má pa True Drive Emulation, èyí tó ń jẹ́ kí VICE ṣe bíi dráífù gidi. Ètò tirẹ̀ ni GEOS ń rán sínú 1541, dráífù díìsìkì Commodore, kì í gba ọ̀nà Commodore. Tí ẹ bá pa á, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi lẹ́yìn LOAD"GEOS",8,1.

Máòsì ló máa ń dààmú èèyàn jù. Ihò kìíní ni kí ẹ fi 1351, máòsì Commodore, sí, kì í ṣe ìkejì. Joystick ni GEOS sì máa ń retí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi joystick darí ọfà lọ sí "select input", ẹ mú COMM 1351, kí ẹ wá tẹ Alt+M kí VICE lè gba máòsì yín.

Díìsìkì lọ́ra gan-an. Ẹ tan REU (àfikún ìrántí) 512KB nínú VICE, kí ẹ fi CONFIGURE, ètò ìṣètò GEOS, sọ ọ́ di dráífù. Fáìlì á ń ṣí wàrà. Àmọ́ ìrántí lásán ni. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí bátìrì laptop sì ti kú, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ máa kó iṣẹ́ padà sórí díìsìkì.

Èdè wa ńkọ́? Fọ́ǹtì GEOS kò ní ẹ, ọ, ṣ, kò sì ní àmì ohùn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí a fa ìlà sí nídìí lẹ́tà láti inú mẹ́nù style, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe ń ṣe. Àyè tó ń gbà kò kéré: gbogbo ìgbà tí ìrísí lẹ́tà bá yí padà, geoWrite á fi báìtì 4 pamọ́. "Ọlọ́jọ́" tó yẹ kó gba báìtì 5 á gba 29, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ìlà ń tàn tó ń pa. Lẹ́tà ojú ìwé kan kò burú. Ìwé gígùn kò ṣeé ṣe. Fún ìtẹ̀jáde, ẹ yan MPS-803, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Commodore, nínú GEOS àti nínú VICE, á gbé ojú ìwé náà jáde bí àwòrán BMP. Bírò ni ẹ ó fi fi àmì ohùn sí i lórí bébà.