Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún àsìkò tí nǹkan oṣù ń lọ sópin: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á?

Ọ̀pá méjì ló sábà máa ń wà nínú páálí rẹ̀ ní kẹ́míìsì. FSH, họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kí ẹyin obìnrin gbó, ló ń wá nínú ìtọ̀. Bí ilé ẹyin bá ti ń rẹ̀, FSH á máa ròkè. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá yìí kì í dáhùn àfi tí ìwọ̀n FSH bá tó 25 mIU/mL.

Lílò rẹ̀ kò le: ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì kà á ní ìṣẹ́jú tí ìwé inú páálí sọ. Ẹ lo èkejì lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà ni ìlà. Kò rí bíi ti àyẹ̀wò oyún. Ìlà tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ kò já mọ́ nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ dúdú tó ìlà kejì tó wà fún ìfiwéra, tàbí kó jù ú lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé lásìkò yìí FSH ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Lónìí ọ̀pá á ní "bẹ́ẹ̀ ni", lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní ẹ́sítírójìn (họ́mọ́ọ̀nù obìnrin) tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ti lé ní 45, ẹ má rà á. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní kí dókítà má fi FSH mọ̀ bóyá nǹkan oṣù ń lọ sópin ní ọjọ́ orí yẹn. Nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, ooru òjijì àti òógùn òru ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹni tí kò tíì pé 40, ilé ìwòsàn tààrà, fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó léwu jù: "bẹ́ẹ̀ ni" kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú ìfètòsọ́mọbíbí. Oyún ṣì lè dúró.