Ìbọ̀sẹ̀ funfun fún àwa tá a ní ìtọ̀ ṣúgà

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ yìí. Kò ní ojú rírán nínú tó lè máa ha ẹsẹ̀, rọ́bà ọrùn ẹ̀ ò sì fún mi lẹ́sẹ̀ rárá. Àmọ́ funfun ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí ṣúgà tó ti pẹ́ lókè ti ba iṣan tó ń jẹ́ kí n mọ nǹkan lára lẹ́sẹ̀ jẹ́, nǹkan lè gún mi kí n má mọ̀, lọ́jọ́ kan mo bọ́ ọ báyìí mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níwájú ẹ̀, àṣé egbò ti wà lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ bá dókítà. Ká ní dúdú ni mo wọ̀ ńkọ́?

Ó kàn ń tètè já ní gìgísẹ̀ ni, ìyẹn dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀sẹ̀ ò lè bá yín gbé ṣúgà wálẹ̀ o. Mo ṣì ń fi mítà wọn tèmi láràárọ̀, dókítà ní kó wà láàárín 80 sí 130 mg/dL kí n tó jẹun.

Màá tún rà á.