Mo fi Dave's Redistricting gé Texas sí ọ̀nà méjìdínlógójì

Ọmọ Èrúwà ni mí. Ẹni tó bá mọ Ìbàràpá mọ̀ pé ìlú méje ni wá: Igangan, Èrúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Lànlátẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ní Àbújá, àwa Èrúwà àti Lànlátẹ̀ kì í bá àwọn márùn-ún yòókù yan aṣojú kan náà. Ìdó ni wọ́n so wá mọ́, Ìbàdàn sì ni ará Ìdó ń pe ara wọn. Mo bi bàbá mi nígbà kan pé ta ló fa ìlà yìí, kí ló sì wò kó tó fà á. Bàbá ní òun náà bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Houston ni mo wà báyìí, lápá Alief, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà. Nígbà tí àwọn aṣòfin Texas tún máàpù ẹkùn ìdìbò wọn fà ní 2025, láìdúró de ìkànìyàn tuntun, ẹkùn kẹsàn-án tó jẹ́ ti ọ̀dọ̀ wa ṣí lọ sí ìlà-oòrùn Houston. Bí ìbéèrè tí mo bi bàbá mi ṣe tún jí nìyẹn. Ọmọbìnrin mi ló fi Dave's Redistricting, irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń ya máàpù ẹkùn ìdìbò, hàn mí. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lò ó, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Dave Bradlee, ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà ará Seattle, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ yín má baà sọnù, ẹ ó mú ìpínlẹ̀ tó wù yín, ẹ ó wá máa kun máàpù bí ẹni ń kun ògiri. Àwọ̀ kan, ẹkùn kan. Ohun tẹ́ ẹ ń kùn ni precinct, àwọn agbègbè kéékèèké tí wọ́n ń lò fún ìdìbò. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Harris County nìkan, county tí Houston wà (county dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa). Bó bá tóbi jù fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ lè fọ́ ọ sí block, tó sábà máa ń jẹ́ pé títì ló yí i ká. Ẹ bá mi fi kọ̀ǹpútà tó ní mouse ṣe é o, ẹ má fi fóònù dán an wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Èèyàn 29,145,505 ni wọ́n kà ní Texas ní 2020. Ẹ pín in sí 38, iye aṣojú tí Texas ń yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní 766,987. Bissonnet ni mo ti bẹ̀rẹ̀, títì tí mo mọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja àti elélùbọ́ tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kun ún ni iye èèyàn ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Harris County lódindi jẹ́ 4,731,145, ìyẹn ẹkùn mẹ́fà gbáko, á wá ṣẹ́ ku nǹkan bí 129,000. Àwọn tó ṣẹ́ kù yẹn gba òru méjì lọ́wọ́ mi. Kí n so wọ́n mọ́ Fort Bend, county tó múlé tì wá? Kí n tì wọ́n sí Waller, níbi tí màlúù ti ń jẹko? Ibikíbi tí mo bá so wọ́n mọ́, ẹnì kan á jí lọ́jọ́ kan, á sì bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè tí mo bi tèmi. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lóru yẹn, Ìdó ni mo ń rò.

Àmọ́ kì í ṣe iye èèyàn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Èsì àwọn ìbò tó ti kọjá wà níbẹ̀, precinct kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i bó ṣe pupa (ti ẹgbẹ́ Republican) àti bó ṣe jẹ́ búlúù (ti Democrat). Mo dán an wò. Mo gé Alief sí mẹ́ta, mo fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn lọ sí ìgbèríko títí iye fi pé. Iye èèyàn ò yẹ̀, ẹgbẹ́ tó máa wọlé ló yí padà. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló gbà mí. Àyà mi já. Tí mo bá wá ṣí ojú ewé àyẹ̀wò, ó máa ń fún máàpù ní máàkì márùn-ún, láti òdo dé 100: bí ẹkùn ṣe ṣù jọ tó, iye county tó gé, àǹfààní àwọn ẹ̀yà tí wọn ò pọ̀, bí ìdíje ṣe le tó, àti bóyá iye àga tí ẹgbẹ́ kan máa rí bá iye ìbò wọn mu. Ti bó ṣe ṣù jọ yẹn ni mo fẹ́ràn jù: ẹkùn tó rí rogodo bí àkàrà gba máàkì, èyí tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà ejò pàdánù.

Ẹ má wá rò pé détà yìí mọ gbogbo nǹkan. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn 2020 kọ "Nigerian" síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohun tí èèyàn dúdú lè kọ sínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n fi ń gé ẹkùn kò gbé e dání. Nínú rẹ̀, èmi àti ọmọ Jàmáíkà àti ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ wá lẹ́rú, ọ̀kan náà ni wá. Bákan náà, iléeṣẹ́ ìkànìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ kún iye block kan, wọ́n yọ díẹ̀ nínú òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà tọpasẹ̀ ìdílé kan dé ilé. Iye gbogbo ìpínlẹ̀ péye, àmọ́ ẹ má búra pẹ̀lú iye block kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa gbọ́: ọmọdé àti ẹni tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà nínú 766,987 yẹn. Láti Texas níbí ni wọ́n ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní 2016 ni wọ́n sì dá a pé ìpínlẹ̀ lè fi gbogbo èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀ gé ẹkùn. Mo mọ àwọn tó fi fọ́ọ̀mù ìkànìyàn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìbẹ̀rù ìwé ìgbélùú. Ilé mẹ́ta bẹ́ẹ̀ wà ní títì tèmi nìkan.

Àbúrò mi ní Èrúwà ní kí n bá òun kun Ìbàràpá. Amẹ́ríkà nìkan ló wà níbẹ̀, mo sì tún ṣàlàyé fún un pé 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n máa yẹ ẹkùn wò, kí àyẹ̀wò kan sí èkejì má sì dín ní ọdún mẹ́wàá. Ó dákẹ́ lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí i fún àwọn àgbà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kan wá títì tirẹ̀ rí, ó fi ìka kàn án. Ó ní ilé ọmọ òun wà ní òdìkejì ìlà, kí n jọ̀ọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, iye sì ga kọjá 766,987. Gbogbo wa tẹ̀ síwájú, a wá ń wo ibi tá a máa yọ kúrò.